Oúnjẹ Ní Àsìkò Rẹ̀: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Gbogbo Ìdílé Mọ̀ Nípa Àkókò Oúnjẹ àti Ààwẹ̀



Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ oúnjẹ ní ibùdó ìlera, ohun tí a sábà máa ń sọ ni irú oúnjẹ tí ó yẹ kí á jẹ, àti bí ó ti yẹ kí ó pọ̀ tó. A ó sọ nípa ẹ̀wà, ẹyin, ẹja, ẹ̀fọ́ àti èso. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà bi ara wa: ìgbà wo ni à ń jẹ oúnjẹ náà? Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìgbà ara là á búra, a kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Ohun gbogbo ni ó ní àsìkò tirẹ̀, oúnjẹ sì wà lára wọn. Nínú ìwé yìí, a ó ṣàlàyé bí ara wa ṣe ń ka wákàtí, ìdí tí oúnjẹ ọ̀gànjọ́ fi ń ṣe ara ní ibi, àti bí a ṣe lè gba ààwẹ̀ láìṣe ara wa tàbí ọmọ inú wa léṣe.

ỌJỌ́ KAN NÍNÚ AYÉ ÌYÁ ALÁDÌRẸ

Ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú wo ìyá kan tí ń ta àdìrẹ ní ọjà Ìtòkú. Aago márùn-ún ìdájí ni ó jí. Ó gbálẹ̀, ó pọn omi, ó wẹ àwọn ọmọ, ó sì fún wọn ní búrẹ́dì kí wọ́n tó lọ sí ilé ìwé. Òun fúnra rẹ̀ kò fi nǹkan kan ẹnu. Nígbà tí aago mẹ́jọ fi lù, ó ti dé ìsọ̀. Àwọn oníbàárà ń wọlé, wọ́n ń jáde. Ó mu omi inú ọ̀rá kan, ó jẹ ẹ̀pà díẹ̀. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú u, ó bá ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan àti bisikíìtì, ó fi lé ebi sẹ́yìn. Aago méje alẹ́ ni ó kó ẹrù rẹ̀ nílẹ̀. Kí ó tó dé ilé, kí ó tó dáná, kí ó tó bọ́ ọkọ àti ọmọ, aago mẹ́wàá ti lù.

Ìgbà náà ni ó wá jókòó ti àwo láfún ńlá kan pẹ̀lú ewédú àti ẹran, nítorí pé gbogbo ebi ọjọ́ náà ni ó kó jọ sí i lára. Kò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà tí ó fi sùn. Òru náà kò san án. Àyà ń ta á, omi kíkan ń gòkè wá sí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ara rẹ̀ wúwo, oúnjẹ kò sì wù ú jẹ. Bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ kejì tún ṣe rí bí ti àná.

Ẹ kíyè sí i pé ìyá yìí kì í ṣe alájẹkì. Láfún àti ewédú kì í ṣe oúnjẹ burúkú. Oúnjẹ àwọn baba wa ni. Ó lè jẹ́ pé oúnjẹ tí ó ń jẹ ní ọjọ́ kan kò tilẹ̀ pọ̀ tó ti aládùúgbò rẹ̀. Àsìkò tí ó ń jẹ ẹ́ ni kò bá ara rẹ̀ mu. Ọ̀pọ̀ nínú wa, ìbáà ṣe ní Kútọ̀, ní Láfẹ́nwá, ní Ọmídà tàbí ní Ìbẹ̀rẹ̀kòdó, ni ó lè rí ara wa nínú ọ̀rọ̀ yìí.

AGOGO TÍ Ó WÀ NÍNÚ ARA

Gbogbo wa ni a mọ patanmọ́, ewéko tí àwọn ọmọdé máa ń fọwọ́ kàn kí ó lè pa ewé rẹ̀ dé. Bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án, a máa pa ewé rẹ̀ dé ní alẹ́, a sì máa ṣí i ní òwúrọ̀. Ní ọdún 1729, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Jean-Jacques d'Ortous de Mairan gbé irú ewéko bẹ́ẹ̀ sí inú òkùnkùn. Ó rí i pé bí oòrùn kò tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ṣì ń ṣí ewé rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́ níta, ó sì ń pa á dé nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Èyí fi hàn pé ohun kan wà nínú ewéko náà fúnra rẹ̀ tí ń ka wákàtí.

Ní ọdún 2017, àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Jeffrey C. Hall, Michael Rosbash àti Michael W. Young, gba ẹ̀bùn Nobel nítorí pé wọ́n ṣàlàyé bí agogo yìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Eṣinṣin wẹ́wẹ́ tí ó máa ń bà lé èso tí ó pọ́n jù ni wọ́n fi ṣe ìwádìí wọn. Wọ́n rí i pé nínú àwọn ohun tín-ín-tìn-ìn-tín tí a fi mọ ara, tí à ń pè ní sẹ́ẹ̀lì, èròjà kan wà tí ó máa ń pọ̀ sí i ní òru. Nígbà tí ó bá pọ̀ tó, òun fúnra rẹ̀ ni yóò dá iṣẹ́ tí ń pèsè rẹ̀ dúró. Ní ọ̀sán, yóò máa dín kù títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, iṣẹ́ náà yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Àyípo kan ń gba nǹkan bíi wákàtí 24. Irú agogo yìí wà nínú ara ènìyàn náà.

Olórí agogo náà wà nínú ọpọlọ, lẹ́yìn ẹyinjú méjèèjì. Kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ. Ìmọ́lẹ̀ tí ń gba ojú wọlé ni ó fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ mọ́ tàbí pé ilẹ̀ ṣú. Ṣùgbọ́n àwọn agogo kéékèèké mìíràn wà nínú ẹ̀dọ̀, nínú àpòlúkù àti nínú kíndìnrín. Àkókò tí a bá jẹun ni àwọn wọ̀nyí fi ń mọ ìgbà. Ọ̀rọ̀ náà dàbí ìlù dùndún. Ìyáàlù ni agogo inú ọpọlọ, omele ni agogo inú ẹ̀dọ̀ àti àpòlúkù. Nígbà tí a bá jẹun ní ojú ọ̀sán, ìyáàlù àti omele a máa bá ara wọn lọ, ijó a sì dùn. Nígbà tí a bá jẹ àjẹyó ní ọ̀gànjọ́, ìyáàlù ń sọ pé alẹ́ ti lẹ́, ẹ jẹ́ kí á sùn. Omele ń sọ pé oúnjẹ dé, ẹ dìde kí á ṣiṣẹ́. Ara tí ó yẹ kí ó jó ijó kan ṣoṣo kò mọ èyí tí yóò jó mọ́.

LÁTI ÌDÁJÍ DÉ Ọ̀GÀNJỌ́

Kí agogo aláago tó dé ilẹ̀ wa ni àwọn baba wa ti pín ọjọ́ sí ìdájí, òwúrọ̀, ìyálẹ̀ta, ọ̀sán gangan, ìrọ̀lẹ́, alẹ́ àti ọ̀gànjọ́. Iṣẹ́ tí ara ń ṣe ní àwọn ìgbà wọ̀nyí yàtọ̀ sí ara wọn.

Ní ìdájí, ara tutù ju ti ìgbàkigbà lọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ara a máa tú omi ara kan jáde tí ń jí ènìyàn lójú oorun, tí ó sì ń múra ara sílẹ̀ fún iṣẹ́.

Ní òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, ara wà ní ìmúrasílẹ̀ jù lọ láti gba oúnjẹ. Ìrẹsì, ẹ̀bà, láfún, ẹ̀kọ tàbí búrẹ́dì tí a bá jẹ yóò di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀yà ara kan tí ó wà lẹ́yìn àpòlúkù a máa tú omi ara tí à ń pè ní insulin jáde, èyí tí ó ń ṣí ìlẹ̀kùn kí ṣúgà náà lè kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, kí ó wọ inú iṣan àti ẹ̀dọ̀ lọ. Ní òwúrọ̀, insulin a máa ṣiṣẹ́ kíákíá.

Ní alẹ́, nígbà tí òkùnkùn bá ṣú, ọpọlọ a tú omi ara mìíràn jáde tí à ń pè ní melatonin. Òun ni ó ń pe oorun wá. Òun kan náà ni ó ń dín iṣẹ́ insulin kù. Nítorí náà, bí a bá jẹ irú oúnjẹ kan náà, ìwọ̀n kan náà, ní aago méje òwúrọ̀ àti ní aago mẹ́wàá alẹ́, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yóò gòkè jù ní alẹ́, yóò sì pẹ́ kí ó tó wálẹ̀. Àpòlúkù pàápàá kì í yára da oúnjẹ ní alẹ́ bí ó ti ń dà á ní òwúrọ̀. Bí a bá wá dùbúlẹ̀ nígbà tí oúnjẹ ṣì kún inú, omi kíkan inú àpòlúkù yóò ṣàn padà sí ọ̀nà ọ̀fun. Èyí ni ó ń fa àyà títa tí ń dá ìyá aláìsinmi láàmú lóru.

Ní òru, nígbà tí a kò jẹun, ẹ̀dọ̀ ni ó ń bọ́ wa. Yóò máa mú nínú ṣúgà tí ó ti kó pamọ́ ní ọ̀sán, yóò máa fún ọpọlọ díẹ̀ díẹ̀. Bí wákàtí méjìlá bá ń súnmọ́ tí a kò jẹun, ìpamọ́ náà yóò ti dín kù gan-an, ara yóò sì túbọ̀ máa jó ọ̀rá tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó ń jẹun di ọ̀gànjọ́, tí ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ní kùtùkùtù, kì í fún ara ní àyè láti dé ibẹ̀.

ṢÉ KÍ Á MÁA FI WÁKÀTÍ MẸ́RÌNDÍNLÓGÚN PA EBI MỌ́NÚ?

Àwọn ọ̀dọ́ wa kan ń sọ pé àwọn fẹ́ sanra dín kù nípa fífi wákàtí 16 gbààwẹ̀ lójoojúmọ́, kí wọ́n sì máa jẹun láàrin wákàtí 8 péré. Kí ni ìwádìí sọ nípa rẹ̀?

Ní ọdún 2018, a gbọ́ èsì ìwádìí kan láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, nínú èyí tí ọkùnrin mẹ́jọ tí àtọ̀gbẹ ti ń rọ̀ dẹ̀dẹ̀ lé lórí jẹun láàrin wákàtí mẹ́fà péré, tí wọ́n sì parí oúnjẹ kí aago mẹ́ta ọ̀sán tó kọjá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, insulin wọn ń ṣiṣẹ́ dáadáa sí i, ẹ̀jẹ̀ ríru wọn sì wálẹ̀, bí wọn kò tilẹ̀ rù. Ṣùgbọ́n ènìyàn mẹ́jọ kéré. Ní ọdún 2020, ìwádìí mìíràn ní Amẹ́ríkà kan náà wo ènìyàn 116. Àwọn tí wọ́n ń jẹun láti ọ̀sán gangan sí aago mẹ́jọ alẹ́ kò rù ju àwọn tí wọ́n jẹun lẹ́ẹ̀mẹta lọ ní ọ̀nà tí ó já mọ́ nǹkan. Ní ọdún 2022, ìwádìí ọlọ́dún kan láti Guangzhou ní ilẹ̀ Ṣáínà, tí ó wo ènìyàn 139, fi hàn pé àwọn tí wọ́n dín oúnjẹ kù tí wọ́n sì tún dé àkókò oúnjẹ mọ́ kò rù ju àwọn tí wọ́n kàn dín oúnjẹ kù lọ.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé àsìkò oúnjẹ ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n kò lè gba ipò ìwọ̀n oúnjẹ àti oúnjẹ aṣaralóore. Ẹni tí ó gbààwẹ̀ ní òwúrọ̀ tí ó wá jẹ ìlọ́po méjì ní alẹ́ kò tíì ṣe nǹkan kan. Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdílé tí ara wọn le, ohun tí ó rọrùn ni pé kí wọ́n jẹ́ kí nǹkan bíi wákàtí méjìlá wà láàrin oúnjẹ alẹ́ àti oúnjẹ òwúrọ̀. Ẹni tí ó bá parí oúnjẹ alẹ́ ní aago méje, kí ó jẹun òwúrọ̀ ní nǹkan bí aago méje. Ìyẹn nìkan tó. Bí iṣẹ́ bá sì mú kí alẹ́ pẹ́, kí ó kéré tán jẹ́ kí wákàtí méjì tàbí mẹ́ta kọjá kí ó tó dùbúlẹ̀.

ÀÀWẸ̀ RÀMÀDÁNÌ ÀTI LẸ́ŃTÌ

Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, Mùsùlùmí àti Onígbàgbọ́ ń gbé inú agbolé kan náà. Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2025, ààwẹ̀ Ràmàdánì àti Lẹ́ńtì bọ́ sí àkókò kan náà, nígbà tí oòrùn ń mú gan-an. Ètò ìlera kò bá ààwẹ̀ jà. Ohun tí a ń fẹ́ ni kí ẹni tí ó gbààwẹ̀ dé òpin rẹ̀ ní àlàáfíà.

Ilẹ̀ wa súnmọ́ àárín gbùngbùn ayé, nítorí náà ọ̀sán àti òru kì í fi bẹ́ẹ̀ gùn ju ara wọn lọ. Ní Abẹ́òkúta, láàrin nǹkan bí aago mẹ́fà àbọ̀ àti aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni oòrùn máa ń wọ̀ ní gbogbo ọdún. Ààwẹ̀ láti àfẹ̀mọ́júmọ́ títí di ìgbà tí oòrùn wọ̀ kì í sábà ju wákàtí 14 lọ. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní oṣù Òkúdù ọdún 2016 gbààwẹ̀ fún ohun tí ó ju wákàtí 18 lọ. Ara tí ó le lè fara da ti ilẹ̀ wa bí a bá ṣe é bí ó ti yẹ.

Ẹ má ṣe fi sààrì sílẹ̀. Ẹ jẹ ẹ́ ní ìdájí, nígbà tí ó bá súnmọ́ àfẹ̀mọ́júmọ́, kì í ṣe ní ọ̀gànjọ́. Ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín, ẹyin tàbí ẹja pẹ̀lú ẹ̀kọ a máa pẹ́ nínú ju búrẹ́dì funfun àti tíì oníṣúgà lọ. Iyọ̀ púpọ̀ a máa fa òùngbẹ ní ọ̀sán.

Ní ìgbà ìṣínu, ẹ kọ́kọ́ mu omi, kí ẹ sì jẹ dàbínù díẹ̀ tàbí ọsàn, ìbẹ́pẹ tàbí bàrà. Ẹ sinmi díẹ̀, ẹ kírun, kí ẹ tó jókòó ti oúnjẹ gidi. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni kí á fi àkàrà, dódò àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò bẹ̀rẹ̀, kí á jẹ láfún tàbí iyán tẹ̀lé e, kí á sì tún máa jẹ títí di ọ̀gànjọ́. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń sanra nínú oṣù ààwẹ̀. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ẹ mu omi díẹ̀ díẹ̀ láti ìgbà ìṣínu títí di sààrì.

A tún fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ààwẹ̀ gbígbẹ, èyí tí àwọn kan ń gbà fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta láìjẹ láìmu. Ara lè fara da ebi ju òùngbẹ lọ. Nínú ooru ilẹ̀ wa, ẹni tí kò mu omi fún ọjọ́ mẹ́ta lè ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́, ó sì lè kú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá olórí ìjọ yín sọ ọ́, kí ẹ mu omi nínú irú ààwẹ̀ bẹ́ẹ̀.

ÀWỌN TÍ Ó YẸ KÍ WỌ́N KỌ́KỌ́ RÍ DÓKÍTÀ TÀBÍ NỌ́Ọ̀SÌ

Aboyún: Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ aboyún a máa tètè wálẹ̀ bí kò bá jẹun, nítorí pé ọmọ inú rẹ̀ ń jẹ nínú rẹ̀ ní ọ̀sán àti ní òru. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí aboyún má gbààwẹ̀. Kí ó jẹun lẹ́ẹ̀mẹta, kí ó sì fi ìpanu bí èso tàbí ẹ̀pà sí àárín. Àwọn àáfà tí wọ́n mọ̀ ẹ̀sìn dáadáa yóò sọ fún yín pé Àlùkùránì fún aláìsàn àti arìnrìn-àjò ní ìyọ̀ǹda láti san ààwẹ̀ padà ní ọjọ́ mìíràn, àti pé aboyún àti abiyamọ tí ó ń bẹ̀rù fún ara rẹ̀ tàbí fún ọmọ rẹ̀ ní ìyọ̀ǹda pẹ̀lú. Bí aboyún bá ti ń gbààwẹ̀, tí òyì bá ń kọ́ ọ, tí ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tí inú ń mú un, tàbí tí ọmọ kò rọ́ nínú rẹ̀ bí ó ti máa ń rọ́, kí ó ṣínu lójú ẹsẹ̀, kí ó sì lọ sí ilé ìwòsàn.

Abiyamọ: Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà kò ní oúnjẹ mìíràn ju ọmú lọ. Abiyamọ nílò oúnjẹ àjẹkún àti omi púpọ̀.

Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ: Kí ó rí dókítà rẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó ń gún abẹ́rẹ́ insulin tàbí tí ó ń lo glibenclamide wà nínú ewu púpọ̀, nítorí pé oògùn náà yóò máa fa ṣúgà wálẹ̀ nígbà tí oúnjẹ kò sí nínú. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá oògùn dúró fúnra rẹ̀, kí ó má sì ṣe pa ti òwúrọ̀ àti ti alẹ́ pọ̀ lò lẹ́ẹ̀kan. Bí ara bá ń gbọ̀n, tí òógùn tútù ń bò ó, tí ọkàn ń sá, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já geere mọ́, kí wọ́n fún un ní omi ṣúgà kíákíá bí ó bá lè gbé e mì. Bí ó bá ti dákú, kí wọ́n má ṣe rọ ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ. Bí ó bá ń yẹ ṣúgà rẹ̀ wò nílé, tí ó sì wà nísàlẹ̀ 70 tàbí tí ó kọjá 300 lórí ẹ̀rọ tí ń ka mg/dl, ààwẹ̀ ọjọ́ náà ti parí nìyẹn. Yíyẹ ṣúgà wò kì í sọ ààwẹ̀ di asán.

Ẹni tí ó ní àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde: Àìmu omi a máa mú kí ìrora rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kí ó má gbààwẹ̀ gbígbẹ rárá.

Arúgbó tí ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, àti ẹni tí kíndìnrín ń dà láàmú: Oògùn mìíràn wà tí ń mú kí ènìyàn tọ̀ púpọ̀. Dókítà ni yóò sọ ìgbà tí wọn yóò máa lò ó.

ṢÉ EBI NI Ó Ń FA ỌGBẸ́ INÚ?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbàgbọ́ pé àìtètè jẹun ni ó ń dá ọgbẹ́ sí inú. Ní ọdún 1982, dókítà méjì ní ilẹ̀ Ọsirélíà, Barry Marshall àti Robin Warren, rí kòkòrò àìfojúrí kan nínú àpòlúkù àwọn aláìsàn. Nítorí pé àwọn ènìyàn kò gbà wọ́n gbọ́, Marshall fúnra rẹ̀ mu omi tí kòkòrò náà wà nínú rẹ̀ ní ọdún 1984, inú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú. Àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2005. A ti wá mọ̀ pé kòkòrò yìí, àti lílo oògùn ara ríro ní ìlò àpà, ni ó ń fa ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ọgbẹ́ inú. Ebi lè mú kí ìrora ọgbẹ́ tí ó ti wà níbẹ̀ pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó dá a. Nítorí náà, ẹni tí inú ń ta nígbà gbogbo kò gbọdọ̀ fi oúnjẹ nìkan wo ara rẹ̀. Oògùn wà tí ó lè pa kòkòrò náà. Bí ènìyàn bá sì ya ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà tàbí tí ó bì ẹ̀jẹ̀, kí ó sáré lọ sí ilé ìwòsàn.

ÀWỌN ỌMỌ WA

Ọmọ titun kò mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru. Agogo inú ara rẹ̀ kì í tò kí ó tó pé nǹkan bí oṣù méjì sí mẹ́ta. Nítorí náà, kì í ṣe pé ọmọ náà ń ṣe ìjàngbọ̀n nígbà tí ó bá jí lóru. Ó nílò ọmú lẹ́ẹ̀mẹjọ sí ẹ̀ẹ̀mejìlá láàrin ọ̀sán àti òru. Ohun ìyanu kan tún ni pé melatonin wà nínú omi ọmú ìyá ní òru, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nínú rẹ̀ ní ọ̀sán. Ìyá tí ó ń fún ọmọ lọ́mú lóru nínú òkùnkùn ń kọ́ ọmọ náà bí a ti ń mọ alẹ́.

Láti oṣù kẹfà sí ìkẹjọ, ọmọ nílò oúnjẹ lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ pẹ̀lú ọmú. Láti oṣù kẹsàn-án títí yóò fi pé ọdún méjì, kí ó jẹun lẹ́ẹ̀mẹta sí ẹ̀ẹ̀mẹrin, pẹ̀lú ìpanu lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì. Ikùn ọmọdé kéré, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò sì lè pa ṣúgà púpọ̀ mọ́. Ọmọ tí ó lọ sí ilé ìwé láìjẹun yóò jókòó sí kíláàsì, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò ní sí níbẹ̀. Ọ̀gì tí a fi ẹ̀wà lílọ̀ tàbí mílíìkì sí, tàbí ẹ̀kọ àti àkàrà, sàn fún un ju búrẹ́dì gbígbẹ lọ. Ọmọdé kì í gbààwẹ̀ láti fi bá ẹgbẹ́ díje.

BÍ ÌYÁ ALÁDÌRẸ ṢE LÈ TÚN ỌJỌ́ RẸ̀ TÒ

Ẹ jẹ́ kí á padà sí ọ̀dọ̀ ìyá wa ní Ìtòkú. A kò sọ pé kí ó fi ọjà sílẹ̀. Nígbà tí ó bá ń fún àwọn ọmọ ní oúnjẹ òwúrọ̀, kí ó jókòó tì wọ́n, kí ó jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín tirẹ̀. Ní aago kan sí méjì ọ̀sán, kí ó jẹ oúnjẹ tí ó tóbi jù lọ ní ọjọ́ náà. Bí láfún ni ó bá wù ú, ìgbà yìí ni kí ó jẹ ẹ́, ìbáà ṣe èyí tí ó gbé láti ilé tàbí èyí tí ó rà lọ́dọ̀ olóúnjẹ, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ àti ẹja. Kí òun àti aládùúgbò rẹ̀ ní ìsọ̀ máa bá ara wọn ṣọ́ ọjà. Ní alẹ́, kí oúnjẹ rẹ̀ fúyẹ́: ẹ̀wà díẹ̀, tàbí ẹ̀kọ àti ẹ̀fọ́.

Ṣùgbọ́n ìyá nìkan kò lè dá a ṣe. Bí aago mẹ́wàá alẹ́ ni ó bá ń jẹun, kì í ṣe pé ó fẹ́ràn bẹ́ẹ̀. Òun ni ó dáná fún gbogbo ilé lẹ́yìn tí ó ti ọjà dé, òun sì ni ó jẹun kẹ́yìn. Ẹ̀yin bàbá, àjèjì ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé ilé lè gbé omi ka iná. Ọmọ tí ó ti dàgbà, ọkùnrin tàbí obìnrin, lè ṣa ewédú. Bí oúnjẹ ilé bá jinná ní aago méje dípò aago mẹ́wàá, gbogbo ilé ni yóò jèrè rẹ̀, nítorí pé bàbá náà ní agogo nínú ara tirẹ̀.

Ẹni tí iṣẹ́ alẹ́ jẹ́ tirẹ̀, bí nọ́ọ̀sì, ọdẹ àti awakọ̀, kí ó jẹ oúnjẹ gidi kí ó tó lọ sí ibi iṣẹ́, kí ó fi ìpanu díẹ̀ ti òru kọjá, kí ó sì jẹun díẹ̀ kí ó tó sùn ní òwúrọ̀.

Ẹ má gbìyànjú láti yí gbogbo rẹ̀ padà ní ọjọ́ kan. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fa oúnjẹ alẹ́ yín ṣíwájú. Ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, ẹ tún fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú mìíràn kún un.

Ẹ RÁNTÍ

1. Ẹ jẹun òwúrọ̀, kí oúnjẹ ọ̀sán pọ̀, kí ti alẹ́ fúyẹ́.
2. Ẹ jẹ́ kí wákàtí méjì sí mẹ́ta wà láàrin oúnjẹ alẹ́ àti oorun.
3. Aboyún, abiyamọ, alátọ̀gbẹ àti ẹni tí ó ní fòní-kú-fọ̀la-dìde kò gbọdọ̀ dá gba ààwẹ̀ láìrí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì.
4. Ààwẹ̀ tí kò sí omi fún ọjọ́ púpọ̀ lè pa ènìyàn.
5. Ẹ má ṣe yí àsìkò oògùn padà fúnra yín.

Bí ohunkóhun bá rú yín lójú, ẹ lọ sí ibùdó ìlera tí ó súnmọ́ yín, tàbí kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìjàyè tàbí ní Ìdí-Àbá. Ẹ má ṣe tijú láti béèrè. Ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ìlera ni oògùn ọrọ̀. Kí oúnjẹ wa máa bá wa lára mu, àṣẹ.